Odó Mi Tó Wà ní Iyamoye

Mo bọ́ bàtà nílé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ìṣó ti la bàtà kọjá, ó gún mi lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì, mo sì rìn ín délé láìmọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rù bà mí. Òùngbẹ tí kì í tán àti ìtọ̀ léraléra, ọjọ́ ogbó ni mo ti ń kà wọ́n sí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà inú oúnjẹ kì í rí ọ̀nà wọ inú ara bó ṣe yẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kó jọ sí, ó ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí egbò tètè jinná. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní kí n dín iyán kù gan-an. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gún iyán fún ọkọ mi kó tó kú.

Láàárọ̀, akin ni mí. Ẹ̀wà díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tó mi. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ládùúgbò wa ní Kàbà, àárò iyán á sọ mí, ti ọkọ mi á tẹ̀ lé e. Màá ní òní nìkan ni, ọ̀la ni n ó jáwọ́. Ó rọrùn láti di ẹrù lé ẹni tí n ó jẹ́ lọ́la lórí. Kò sí níbẹ̀ láti kọ̀.

Mo tún gbọ́n àgbọ́njù. Tó bá ku ọjọ́ méjì kí n lọ gba àyẹ̀wò, màá gbààwẹ̀, ṣúgà á wálẹ̀, nọ́ọ̀sì á yìn mí. Egbò ò yìn mí ní tiẹ̀; ṣe ló ń dúdú sí i. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò mìíràn, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ọ̀sán fi pọ́n. Ó jáde, kò bínú.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti rojọ́ yín. Tí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, wọ́n á gé àtàǹpàkò yìí."

Mo sunkún níwájú ọmọ tí mo lè bí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo jẹun yó, tí akin àárọ̀ ò tíì tán, mo gbé odó àti ọmọ odó sínú ọkọ̀, ó di Iyamoye, lọ́dọ̀ Àìná, ìyàwó àbúrò mi. Mo jẹ́wọ́ fún un. A fẹnu kò pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni n ó máa wá jẹ ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí.

Ìrọ̀lẹ́ mélòó kan ni mo ti múra láti wọkọ̀. Kí n tó dé páàkì, àárò iyán á ti rọlẹ̀, màá padà sílé. Egbò náà gba oṣù mẹ́rin kó tó jinná. Ẹ̀yin tó ń ṣe bíi tèmi, ẹ má bá ìrọ̀lẹ́ jiyàn. Àárọ̀ ni kí ẹ ti dá a lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ jẹ tèmi. "Okun o, Ìyá," Àìná kí mi, ó sì gbé òkèlè mẹ́ta síwájú mi. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo ti ọwọ́ bọ inú odó mi, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi nílẹ̀, ọmọ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ara tó ní sùúrù fún mi.

Àìná bi mí bóyá kí òun fi díẹ̀ kún un. Mo fẹ́ ẹ dénú egungun. Mo ní kó bá mi fọ odó náà.