Ìwé Tí Ìyá Mi Kò Kọ Aburú Sí

Ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Kara, ni kò fẹ́ gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì mọ́. Ó ní sóbò, omi ìṣápá pupa tí òun ń mu láràárọ̀, ti wo òun sàn. Nígbà tí mo bá a jiyàn, ó sọ ìwé kékeré kan tó ń kọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí lójoojúmọ́ lé mi lẹ́sẹ̀.

“Ìwọ tó o mọ ìṣirò, kà á!”

Lóòótọ́, iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣírò èsì ìwádìí lórí oúnjẹ àti ìlera. Ìbéèrè kan náà la máa ń bi èsì gbogbo: ṣé àkọsẹ̀bá lásán kò lè mú irú èyí wá? Mo ṣírò tìyá mi. Kò jọ àkọsẹ̀bá rárá. Gbogbo nọ́ńbà ló dára, inú mi sì dùn, kí n má purọ́.

Àfi bí mo ṣe rí i pé ọjọ́ ń fò nínú ìwé náà. Ọjọ́ Ajé wà, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú kò sí.

“Màámi, ẹ ò wọn ẹ̀jẹ̀ yín lọ́jọ́ méjèèjì yìí ni?”

“Mo wọ̀n ọ́n. Kò dára ni.”

“Ẹ ò wá kọ ọ́?”

“Haba! Kí n fọwọ́ ara mi kọ aburú lé ara mi lórí?”

Inú bí mi. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, torí àwọn ọ̀mọ̀wé tí mò ń bá ṣiṣẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èsì tó dára ni wọ́n ń gbé jáde, èyí tí kò dára á wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì wọn. Ìyá tèmi kò tiẹ̀ gboyè kankan.

“Ó dáa,” mo ní, “èmi ni màá máa kọ ọ́. Gbogbo ọjọ́, ìbáà dára, ìbáà burú. Tó bá jẹ́ aburú, kó wá sórí èmi.”

Ó rò pé eré ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ńbà náà burú, mo kọ ọ́. Ọjọ́ kẹta, ó tún burú. Ọwọ́ mi ló ń wò, kò wo ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀.

“O ti kọ ọ́?”

“Mo ti kọ ọ́, Màámi. Màá sì kọ tọ̀la.”

Ó dìde, ó wá oògùn rẹ̀ kàn lábẹ́ ìrọ̀rí.

“Kò ní wá sórí ọmọ mi,” ló wí.

Sóbò ló fi gbé e mì.