Ìpàdé Ọjọ́ Kẹsàn-án

Karimat ka ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò ka òní mọ́ ọn. Àṣìṣe náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alhaji Fàsásì, Mọ́gàjí agboolé wọn ní Bẹyẹrunkà, pè é sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. "Ọjọ́ kẹsàn-án òní la ó pàdé. Kọ̀wé sí àwọn ará òkè òkun."

"Ó dáa, sà."

Mọ́gàjí kì í dárúkọ ọjọ́ ìpàdé. Òǹkà ló fi ń dá a, gbogbo àgbà ilé ló sì mọ̀ pé òní gan-an ni ọjọ́ kìíní. Bí a bá ka Jímọ̀ mọ́ ọn, Sátidé ni. Ọ̀la ni Karimat ti bẹ̀rẹ̀ òǹkà tirẹ̀, ó sì já sí Sọ́ńdè. Iṣẹ́ títẹ ìwé ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bẹẹrẹ. Ó ṣí kàlẹ́ńdà inú kọ̀ǹpútà, ó fi ìpàdé sí aago mẹ́wàá àárọ̀ Sọ́ńdè, ó sì fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ímeèlì àwọn mọ̀lẹ́bí mọ́kànlá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mẹ́sàn-án ti dáhùn pé àwọn yóò yọjú lórí fídíò.

Abdulmumin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Kánádà, kọ̀wé sí i pé: "Fọkàn balẹ̀. A ò ní gbà kí wọ́n tà á."

Ilé ẹ̀yìn agboolé ni wọ́n fẹ́ tà, ìpàdé náà ni yóò sì pinnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni Sìdí, ìyá Karimat, dùbúlẹ̀ sí láti ìgbà tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ. Àwọn àgbà ilé ti gbà fún oníṣòwò tó fẹ́ wó o. Àwọn ará òkè òkun tó pọ̀ jù wọ́n lọ ni kò gbà.

Ní ọ̀sán Sátidé, Kúlúsúmù, àbúrò Mọ́gàjí, pe Karimat lórí fóònù. "Akọ̀wé wa, o ò wá sí ìpàdé ni? A ti jẹ oúnjẹ tìẹ mọ́ tiwa."

"Ìpàdé wo, mà?"

"Èyí tó ti tán."

Ẹsẹ̀ ló fi sáré délé, ó kọjú sí Mọ́gàjí. "Bàbá, ọ̀la ni mo kọ ránṣẹ́ sí wọn."

"Ta ló ní kí o kọ ọ̀la? Òní kọ́ ni ọjọ́ kẹsàn-án? Gbogbo ìwé tí o kà yẹn, wọn ò kọ́ ọ ní òǹkà?"

Ẹni méjì nínú àwọn àgbà ilé rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lọ́la. Ẹ wo ti ìyá mi."

Mọ́gàjí kò wo ojú rẹ̀. "Àlùfáà ti ka Fátíhà sí títà ilé náà. A ti fọwọ́ ra ojú. A kì í tú ohun tí a bá fi Fátíhà dì."

Ní Sọ́ńdè, ojú mẹ́sàn-án yọ lórí fídíò. Karimat ròyìn fún wọn. Abdulmumin bi í pé: "Ṣé wọ́n rán ọ láti tàn wá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣi ọjọ́ kà ni."

"Ọmọ Bẹyẹrunkà, tí kò mọ ọjọ́ kẹsàn-án?"

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pa fídíò tiwọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó fèsì ímeèlì rẹ̀ mọ́.

Oṣù méjì ni wọ́n fún Karimat àti ìyá rẹ̀ láti kó jáde. Ọjọ́ tí wọ́n gbé Sìdí wọ mọ́tò, ó ń bi gbogbo ẹni tó kọjá pé: "Níbo là ń lọ?" Yàrá kan ní Òkè Adó ni. Kò lo oṣù kan níbẹ̀ tó fi kú. Karimat fẹ́ sin ín sí ẹ̀gbẹ́ sàárè bàbá òun ní àgbàlá ilé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n oníṣòwò náà ti fi kọnkéré bo ojú ibẹ̀. Itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n sin ín sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà, Karimat kò padà sí ṣọ́ọ̀bù Bẹẹrẹ mọ́. Ẹni tó rí i kẹ́yìn, ní Òkè Bọ́lá ló ti rí i, níbi tó ti ń gbálẹ̀ ilé ìwé aládàáni kan, tó sì ń sùn sí yàrá ẹ̀yìn ibẹ̀.