Fírì Méjì Ló Wà Nínú Píkọ́ọ̀pù Mi

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin tó ta motorhome fún wa, ọkọ̀ gbọọrọ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kíṣìnnì nínú, tí ọkọ mi ti ń lálàá rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Mo bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè tó yè kooro. Mo ní píkọ́ọ̀pù mi, gíà ọ́tò ni, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ṣé a lè so ó mọ́ ẹ̀yìn motorhome, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yí nílẹ̀? Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó ní kò sí wàhálà, kí n ṣáà fi sí neutral. Gbólóhùn kan péré. Kò sọ neutral èwo, kò ní kí n lọ ka ìwé ọkọ̀.

Píkọ́ọ̀pù yẹn ló ń gbé mi láti Sharpstown lọ sí Baytown, níbi tí mo ti ń yẹ epo wò nínú lábù. Bí gíáàbọ́ọ̀sì rẹ̀ bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ mi ló bàjẹ́ yẹn.

Ẹni kejì tó ṣẹ̀ mí, n kò lè bá wọn jà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Wọ́n ti ṣe mẹ́káníìkì ní Mushin rí kí wọ́n tó wá sí ìlú òyìnbó yìí, ọkọ̀ ẹbí nìkan ni wọ́n sì ń fọwọ́ kàn báyìí. Ní àárọ̀ Sátidé tí a fẹ́ gbé motorhome jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, ká lọ rí òkun ní Galveston, wọ́n ti dé kí n tó wẹ̀ tán. Ìgbà tí mo fi máa jáde, wọ́n ti fi irin ìfà so píkọ́ọ̀pù mi mọ́ ìdí motorhome. Ọkọ mi ti jókòó sídìí sítíárì, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti fi sí fírì?"

"Láti àná, ìyàwó!"

"Fírì wo, sà?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó bèèrè pé oòrùn wo ló ń ràn. "Fírì wo? Fírì mélòó l'Ọlọ́run dá?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí òyìnbó ń pè ní neutral, fírì là ń pè é nílé, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà: o fi ọ̀pá gíà sáàárín, o so okùn, o fà á lọ bá mẹ́káníìkì. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí gíà rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ka ojú ewé kan nínú ìwé píkọ́ọ̀pù mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo tiẹ̀ fi bírò fàlà sábẹ́ rẹ̀. Àpótí kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn. Òun náà ní fírì tirẹ̀, bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, tó rì sínú débi pé ẹnu bírò la fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí ìyẹn ò bá sí ní fírì, àwọn ẹsẹ̀ tó ń yí nílẹ̀ á máa yí inú gíáàbọ́ọ̀sì pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, òróró ò lọ káàkiri. Irin á máa ha irin ní gbígbẹ láti Sharpstown títí dé etí òkun.

"Bọ̀dá, ìwé ní fírì méjì ló wà."

"Ìwé!" Wọ́n yíjú sí ọkọ mi. "Ìyàwó rẹ ti gbé ìwé dé o."

Ọkọ mi, tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà ní yunifásítì, tó mọ̀ pé n kì í gba ohun tí wọ́n kọ sára ìgò gbọ́ láìjẹ́ pé mo yẹ inú rẹ̀ wò, mu tíì rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta nìyẹn.

Ìyàwó ilé kì í wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ kó ní wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo fi orúnkún kan kanlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣáà bá mi tan án, kí ẹ fi sí D, kí ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Tó bá wà ní fírì lóòótọ́, kò ní lọ síbì kankan."

"O ò gbà mí gbọ́ nìyẹn."

"Kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni, sà."

Wọ́n wọ inú píkọ́ọ̀pù, wọ́n tan án, wọ́n fi sí D. Píkọ́ọ̀pù mi ta síwájú, irin ìfà dún, motorhome mì, tíì dà sórí ṣòkòtò funfun ọkọ mi.

"Ta ló ń tì mí?" ló pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," mo dá a lóhùn. "Wọ́n wà ní fírì."

Bọ̀dá tẹ bíréèkì, wọ́n pa ọkọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé.

"Mú ìwé yẹn wá."

Mo kà á fún wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, ọ̀pá gíà ní N, wọ́n fi ẹnu bírò mi tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, wọn ò tètè yọ ọ́. Nǹkan kan dún gbì lábẹ́ ọkọ̀, iná kékeré kan sì tàn. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi sí D. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, ọkọ̀ ò mira. Wọ́n fi sí R, kò mira.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí.

"Ìwé ní ká wá pa ẹ́ńjìnnì, ká fi gíà sí pákì."

"Pákì! Ọkọ̀ tí a fẹ́ fà? Ìyàwó, ṣé ìdúró kọ́ ni pákì?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, sà. Àpótí abẹ́ ọkọ̀ ti yọ gíà kúrò lára ẹsẹ̀."

Wọ́n ṣe é bí ẹni tó ń gbé àgbo kíkorò mì. Ọkọ mi wa motorhome síwájú díẹ̀díẹ̀. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bá táyà rìn, ọwọ́ lórí orúnkún.

"Ó ń yí o! Ó wà ní pákì, ó sì ń yí! Ẹ wá wò ó!"

Nígbà tí a yà sí ilé epo kan ní League City, motorhome ò tíì dúró tán tí Bọ̀dá fi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré, wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ píkọ́ọ̀pù mi, wọ́n fọwọ́ kan gíáàbọ́ọ̀sì.

"Ó tutù," ni wọ́n wí. "Ó tutù bí omi inú àmù."

Òkun dára lọ́jọ́ náà. Ẹja tí mo dín nínú motorhome, ilẹ̀ ni ọkọ mi jókòó sí jẹ ẹ́, nítorí ṣòkòtò rẹ̀ ò ní funfun kankan mọ́ láti tọ́jú. N kò bá a wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láti kọ̀wé sí ọkùnrin tó tà á fún wa. Mo kọ ọjọ́ tí mo bi í, mo kọ ohun tí mo bi í, mo kọ gbólóhùn kan tó fi dá mi lóhùn, mo fi ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ kún un. Mo kà á sí Bọ̀dá létí.

"Kò tíì le tó," ni wọ́n wí. "Kọ ọ́ pé fírì méjì ló wà! Kí ló dé tí kò sọ? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣi èèyàn lọ́nà nìyẹn? Fi kún un pé ọpẹ́lọpẹ́ mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kì bá ti…"

Mo gbójú sókè. "Mẹ́káníìkì wo, sà?"

Ẹ̀rín ti fẹ́ pa wọ́n. "Tẹ̀ ẹ́, ìyàwó. Má bi mí."

Mo tẹ̀ ẹ́.