Kọ̀ǹpútà Ẹ̀pẹ́ Kò Gbọ́ ti Toyyibah

Ọdún kẹfà rèé tí Toyyibah ti ń bá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́ ya sọ́fè ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó bímọ, ọ̀gá ní kó máa ti ilé rẹ̀ ní Agric, ní Ìkòròdú, ṣiṣẹ́. Wọ́n fi àpù kan sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, tó fi jẹ́ pé Ìkòròdú ló máa wà tí yóò máa lo kọ̀ǹpútà Ẹ̀pẹ́.

Gbogbo nǹkan ló ń ṣí fún un, àfi sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya sọ́fè. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, á gbé ọ̀rọ̀ òyìnbó kan jáde, á sì pa dé. Á wá pe Àǹtí Ọláwùmí, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó wà ní ọ́fíìsì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."

"Ó ti ṣí o. Kò ṣe nǹkan kan."

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ Ọláwùmí nìkan ló ń gbà? Ó rántí pé nígbà tóun lóyún, obìnrin yìí bi òun bóyá òun máa fiṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin náà sì ní àbúrò tó ń wáṣẹ́. Tí Toyyibah bá gbọ́ ẹ̀rín lórí fóònù, á ní òun ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó pọn ọmọ, ó wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọláwùmí ti jáde lọ jẹun. Toyyibah jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ sọ́fítíwíà náà, ó sì ṣí kíá. Ó bá wọlé tọ ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, Àǹtí Ọláwùmí ló ń tì mí síta."

Ọ̀gá pe ẹni tó ta sọ́fítíwíà náà fún wọn, ó fi fóònù sí sípíkà.

"Kò sẹ́ni tó tì í, sà," ni ọkùnrin náà wí. "Láísẹ́ńsì tẹ́ ẹ rà láti fi lò ó, ẹni tó bá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló wà fún. Tó bá ti rí i pé òkèèrè lẹnì kan ti fẹ́ ṣí i, kò ní gbà. Kẹ́lòmíì wá bá a ṣí i gan-an, àwọn tó ṣe é ò fàyè gba ìyẹn. Ó wà nínú àdéhùn tẹ́ ẹ ní ẹ gbà."

Ọláwùmí ti dé, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Toyyibah kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú."

"Dìde, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ. Èmi tiẹ̀ rò pé ọ̀rẹ́ ni wá."

Ọ̀gá ní kí Toyyibah máa gbé ọmọ wá sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọláwùmí máa ń bá a gbé ọmọ náà. Ṣùgbọ́n tí fóònù Ọláwùmí bá dún báyìí, ìta ló ń lọ dá a lóhùn, Toyyibah á sì máa wo ilẹ̀kùn títí yóò fi wọlé.