Àtàǹpàkò Ìyá Àgbà

Àtàǹpàkò mi yìí ti gbé odindi oko kan mì rí lọ́nà Èrúwà, tòun ti igi ọsàn àti ebè iṣu, kò sì mumi lé e.

Lánàá ni òórùn tàdáwà gbà mí nímú ní káńsù, mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ìyá àgbà wà lórí ẹní, àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu wọn. Àbúrò ọkọ wọn mú ìwé kan dé.

"Ìyá Ṣọlá, ẹ tẹ̀ka."

Wọ́n mi orí. Mo rò pé wọn ò fẹ́ kí tàdáwà ba ọwọ́ wọn jẹ́ ni.

"Àkànní, bá wọn gbé ọwọ́. Ìwé tẹ́nikẹ́ni ò bá tẹ̀ka sí, tákàdá tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni."

Mo mú àtàǹpàkò wọn, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ó tutù bí omi àmù. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín sí mi. Bàbá náà fún mi lẹ́pà.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé oko tí ìyá àgbà fẹ́ fún ìyá mi, Ṣọlá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ni ìka yẹn gbé fún bàbá náà.

Irọ́ ni mo pa pé àtàǹpàkò mi gbé oko mì; tiwọn ni, ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ìyá àgbà náà, èmi ni mo fi kún un. Wọ́n kàn ń wò mí ni.