Sàréè Tí Mo Fi Hàn Án

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì máa ń rán mi lọ gba ẹyinná nílé aládùúgbò kí ìyá mi tó dáná, abúlé kan ni à ń gbé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lẹ́yìn Ìpara. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tí ẹ gba yàrá nínú ilé mi ní Ìlíṣàn níbí, ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ìrántí mi sílẹ̀, ẹ sì máa ń sọ láàárín ara yín pé Màmá onílé yìí kì í bínú. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ wá mọ bí mo ṣe ń bínú.

Abúlé náà kéré. Ilé alámọ̀ ni gbogbo ilé ibẹ̀, ti baálẹ̀ nìkan ni wọ́n fi páànù bò. Bàbá mi gbin obì gbàǹja kó tó kú. Nígbà tó kú, baálẹ̀, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ní òun yóò ṣú ìyá mi lópó, nítorí bí wọ́n ti ń ṣe nígbà yẹn nìyẹn: ará ilé ọkọ ló máa ń fẹ́ opó. Ìyá mi ní òun kò fẹ́ ẹ. Kò sunkún, kò ṣe àlàyé, ó kàn sọ ọ́ níwájú gbogbo àgbà abúlé, ó sì padà sídìí obì tó ń bó.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kọjá lọ́fun baálẹ̀. Ó kó abúlé jọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí obìnrin náà mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fún un níná. Ẹ̀yin ò lè mọ bí ìyẹn ti rí, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ bọ́tìnì sítóòfù. Ìṣáná wà o, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n lórí òkè yẹn, iná ilé kan la fi ń dá ti ilé kejì. Mo gbé àpáàdì mi lọ síbi tí mo ti ń gba iná lójoojúmọ́, ìyá ilé náà wò mí lójú, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo lọ sílé kejì, mo lọ sí ìkẹta. Nígbà tí mo gbé àpáàdì òfìfo padà délé, ìyá mi ní kí n fọwọ́, a sì po gààrí mu. Ọdún méjì gbáko ni ojú rẹ̀ fi rí màbo níbẹ̀. Bó bá dé odò, àwọn obìnrin tó kù a gbé ìkòkò wọn, wọn a máa lọ.

Ibà ló pa á. Kò sẹ́ni tó wá wò ó. Mo sáré lọ sí Ìpara láti pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ṣùgbọ́n kí a tó dé, ẹ̀mí ti bọ́. Baálẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ti ń dúró dè wá.

Ó ní, "Ẹ kò ní sin ín sínú abúlé yìí. Kò lọ́kọ níbí."

Inú ilé là ń sin òkú sí láyé ìgbà yẹn, kálukú nínú yàrá tirẹ̀. Ìta ni ti ìyá mi. Ẹ̀bá ọ̀nà odò ni àbúrò rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ sí lọ́sàn-án gangan, nídìí igi àgbálùmọ̀, mo sì fi ọwọ́ mi kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo búra níbẹ̀ pé baálẹ̀ yóò jìyà rẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ikú.

Ìpara ni mo dàgbà sí. Nígbà tí wọ́n la títì sísàlẹ̀ òkè, àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti gbọ́ pé ilé kan tún ti ṣófo, orin ni mo máa ń fi ọjọ́ náà kọ. Baálẹ̀ ní òun kò lọ síbì kankan, ó kú síbẹ̀, wọ́n sì sin ín sí pálọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kékeré gbé ọmọ ọwọ́ pọ̀n, ó bá ti ẹ̀ lọ, igbó sì gba gbogbo abúlé.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ti hewú wá láti Ṣàgámù, oníṣòwò obì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé mi. Ọmọ ọwọ́ ọjọ́ náà ni.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí ẹ mọ abúlé náà. Katapílà fẹ́ la títì tuntun gba orí òkè, wọ́n sì ní ibi tí àwọn bá ti rí sàréè oníṣimẹ́ǹtì, àwọn yóò yà fún un. Mi ò mọ ojú bàbá mi, ìyá mi náà kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún mi kó tó kú. Kí n ṣáà mọ ibi tó sùn sí."

Ọmọlúàbí ni. Kò ṣẹ̀ mí rí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì jẹ́ kí ìyẹn dí mi lọ́wọ́.

Ó fi mọ́tò gbé mi dé ẹsẹ̀ òkè, ó wá dì mí lápá mú títí a fi gòkè. Ògiri ti di òkìtì, ṣùgbọ́n mo mọ ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀pá mi kan páànù tó ti dógùn-ún lábẹ́ ewé, mo mọ̀ pé pálọ̀ baálẹ̀ ni mo wà. Mo dúró lórí àyà rẹ̀. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ fún mi lómi, mo mu ún tán pátápátá, mo sinmi dáadáa, mo wá ní, "A ò tíì débẹ̀."

Ọ̀nà odò ni mo mú un lọ. Igi àgbálùmọ̀ ti wó, kùkùté rẹ̀ ló kù. Mo na ọ̀pá sí i, mo ní, "Ibí ni." Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú ewé gbígbẹ, ó ń sunkún, ó ń pe bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn débi pé n kò mọ ohun tí mo lè fi ẹnu mi ṣe. Ọmọ baálẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Wọn yóò da ṣimẹ́ǹtì bo ìyá mi, katapílà yóò yà fún un, yóò sì gba àyà baálẹ̀ kọjá. Oorun tí mo sùn lóṣù yẹn, n kò sùn ún rí láti kékeré.

Nígbà tí wọ́n parí títì, ó tún wá gbé mi kí n lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ òun. Táìlì funfun ni, wọ́n fi irin yí i ká. Níbi orí, wọ́n fi lẹ́tà dúdú gàdàgbà kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i, tòun ti oyè.

Mo bú sẹ́kún. Nígbà èwe wa, ta ló ń kọ nǹkan sára sàréè? Àgbà ló máa mú ọmọ wọ yàrá, tí yóò ní bàbá rẹ àgbà ló sùn síbí, rọra tẹ ilẹ̀ yìí, ọmọ náà kò sì ní gbàgbé. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé wọn yóò kọ orúkọ. Láyé òde òní, ohun tí a kọ làwọn èèyàn gbà gbọ́, ohun tí a kò kọ, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Èmi tí mo ń gbẹ̀san, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ ìyá mi sábẹ́ orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ rẹ̀ rò pé bàbá òun ni mò ń sunkún sí, ó fún mi ní áńkáṣíìfù, ó ń dúpẹ́.

Mo ti rò ó pé kí n lọ jẹ́wọ́ fún un. Yóò bi mí pé níbo wá ni bàbá òun wà, n ó sì ní láti nawọ́ sí ọ̀dà tí tírélà ń gbà kọjá. Àánú baálẹ̀ kò ṣe mí títí di òní, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó, kò sì sẹ́lòmíràn tó mọ̀. Bí mo bá gbé e kú, ìyá mi yóò jẹ́ ti baálẹ̀ títí ayé nìyẹn.

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyí. Bí mọ́tò yín bá gba ẹ̀yìn Ìpara kọjá, tí ẹ rí sàréè oní-táìlì funfun kan lẹ́bàá títì, ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sí i. Obìnrin ló wà níbẹ̀, kò sì fẹ́ ẹ.