Ọkùnrin Oníkọ́, Àìsàn Mẹ́fà àti Earphone Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí n tò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an, torí pé lórí WhatsApp ọ́fíìsì wa, bí kò ṣe ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n lé mi kúrò nídìí medical transcription. Ẹnikẹ́ni ò lé mi. Wọ́n tún ní mo sunkún níwájú trainer. Imú ló ń dà mí láàmú. Ìgbà ọyẹ́ ni, gbogbo Abuja ló ń fọn imú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí: dọ́kítà kan lókè òkun á yẹ aláìsàn wò, á sọ gbogbo ohun tó rí sínú ẹ̀rọ, ohùn yẹn á wá bá wa ní ọ́fíìsì wa ní Garki. Èmi á ti earphone bọ etí, ẹsẹ̀ mi á wà lórí pẹ́dà tí a fi ń dá ohùn náà dúró tàbí dá a padà sẹ́yìn, màá sì máa tẹ ohun tí mo bá gbọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Mo kàwé gboyè nínú Microbiology, mo wá ń fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà bíi télọ̀. Mi ò ráhùn.

Òfin iṣẹ́ náà ò le. Gbogbo ohun tí dọ́kítà bá sọ ni kí o tẹ̀, má yọ nǹkan kan kúrò. Ibi tí o kò bá ti gbọ́ dáadáa, fi àlàfo sílẹ̀ kí dọ́kítà fúnra rẹ̀ wá dí i. Má méfò. Ara èèyàn ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún, kì í ṣe tẹ́tẹ́.

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé sọ́fítíwíà kan dé tó ń gbọ́ ohùn, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní a kì í tẹ nǹkan mọ́, a ti di editor: ẹ̀rọ á tẹ̀, àwa á tún un ṣe. Mo bi Ọ̀gá Bádé, manager wa, pé ṣé ìgbéga nìyẹn. Ó ní ìgbéga ni. Mo wá ní kí ló dé tí tábìlì tí wọ́n fún mi báyìí fi kéré sí ti tẹ́lẹ̀? Ó ní òun ń bọ̀. Mo ṣì ń retí rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ló kéde pé àwọn oníbàárà wa ò fẹ́ rí àlàfo mọ́. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti kọ, bó bá ṣáà ti jọ ọ̀rọ̀ gidi, kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo béèrè pé tí èmi ò bá gbọ́ ohun tí dọ́kítà sọ ńkọ́?

“Ìyá Ìfẹ́, ẹ̀yin náà! Ẹ̀rọ ti gbọ́ ọ.”

Mo jókòó. Ṣùgbọ́n mi ò yéé fi àlàfo sílẹ̀. Gbogbo àlàfo tí mo bá fi sílẹ̀ ni wọ́n ń torí rẹ̀ gé máàkì mi, orúkọ mi wá pupa bí ata rodo lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé máàkì wa sí. Àwọn tó ń méfò, orúkọ tiwọn tutù yọ̀yọ̀.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí wọ́n fi sọ pé wọn yóò dá ẹ̀ka medical coding sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe coding kì í gbọ́ ohùn. Àkọsílẹ̀ tí a ti tẹ̀ tán ló máa ń kà, á wá fi kóòdù tó jẹ́ ti àìsàn kọ̀ọ̀kan sí i. Kóòdù yẹn ni ilé iṣẹ́ insurance máa ń wò kí wọ́n tó sanwó, òun náà ló sì máa wà nínú fáìlì aláìsàn títí ayé. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ síbẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá yege, ó ti wọlé. Bó bá kùnà, kò sí àga tó máa padà sí, torí wọ́n á ti fi tiẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: ẹni tó bá kùnà ò sí nínú transcription, kò sí nínú coding, ilé ló ń lọ. Ilé tèmi sì rèé ní Gwarinpa, ọmọ méjì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé owó iṣẹ́ mi ni wọ́n fi ń lọ sí ilé ìwé.

Mo fi ọ̀rọ̀ lọ ọkọ mi. Ministry ló ti ń ṣiṣẹ́, ìmọ̀ràn ministry ló sì fún mi. Ó ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ọ̀tún, kí n tún gbé e yẹ̀ wò láti òsì. Mo ní ó dáa, èwo ni kí n mú? Ó ní ohun tí òun ní kí n gbé yẹ̀ wò nìyẹn.

Rìsìkátù, ọmọ Ìsẹ́yìn tí èmi àti ẹ̀ jọ kọjú síra ní ọ́fíìsì, ní òun ò lọ síbì kankan. Obìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Tí ẹ bá lọ, Ìyá Ìfẹ́, ta ni kí n wá máa bá bú ẹ̀rọ yìí? Ṣé kí n máa dá a bú ni, kí wọ́n ní orí mi dàrú?”

Mo lọ. Kí n tó kúrò lórí àga mi, mo rọra ká wáyà earphone mi, mo kì í sínú báàgì. Tèmi ni. Owó mi ni mo fi rà á ní Area 1, torí èyí tí ilé iṣẹ́ fún wa, etí kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀.

Trainer wa ń jẹ́ Mister Délé. Èkó ni wọ́n ti mú un wá. Kóòtù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní nígbà tí kò sí iná. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fún gbogbo wa ní àkọsílẹ̀ kan náà. Ọkùnrin kan ló wá sọ́dọ̀ dọ́kítà nítorí ikọ́. Dọ́kítà ní ìyá ọkùnrin náà ní àtọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá rẹ̀, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ní ikọ́ fée nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì ti lọ. Ó ní òun kọ́kọ́ fura sí ikọ́ ife, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ní kò sí. Ó ní kì í ṣe òtútù àyà náà.

Kí ni ẹni tó ti fi ọdún mẹ́jọ ṣiṣẹ́ “má yọ nǹkan kan kúrò” máa ṣe? Mo kọ gbogbo ẹ̀! Ikọ́, mo kọ ọ́. Àtọ̀gbẹ ìyá rẹ̀, mo kọ ọ́. Rọpárọsẹ̀ bàbá tó ti kú, mo kọ ọ́. Mo kọ èyí tó ti lọ, mo kọ méjèèjì tí dọ́kítà ní kò sí. Ọkùnrin tó ń wúkọ́ wọlé, àìsàn mẹ́fà ni mo dì fún un lọ sílé.

Mister Délé gbé iṣẹ́ mi sórí ògiri kí gbogbo ilé lè rí i.

“Ẹ wò ó, ikọ́ ni bàbá yìí bá wá o. Madam ti kó gbogbo ẹbí ẹ̀ lé e lórí!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n tètè ránṣẹ́ sí pásítọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ mí níbẹ̀. Wọn ò kọ́ wa kí wọ́n tó dán wa wò. Wọn ò pa orúkọ mi rẹ́ kí wọ́n tó gbé e sórí ògiri. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé, gbogbo àwa tó ti transcription wá ló ṣe irú ẹ̀. Arákùnrin tó jókòó tì mí kó àìsàn márùn-ún fún un, wọn ò gbé tiẹ̀ sókè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti ẹ̀ ni pé bàbá tó ti kú yẹn, òun fò ó. Ṣé kí èèyàn ṣiṣẹ́ ní àṣepé ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé géètì. Málàm Ìdí tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rí mi, ó ní, “Sànnu, Madam Six.” Mo ní yauwa. Kí ni kí n tún sọ?

Àmọ́ ohun kan wà tí Mister Délé kọ́ wa tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní nínú coding, tí àkọsílẹ̀ kò bá yé ọ, tàbí tí apá kan ò bá bá apá kejì mu, o lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìbéèrè sí dọ́kítà. Query ni wọ́n ń pè é. Fáìlì yẹn ò sì ní kúrò lójú kan àfi tí dọ́kítà bá dáhùn.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn yìí. Mo mọ èyí tí ajá máa ń gbó lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ èyí tó máa ń mí kanlẹ̀ kó tó sọ pé jẹjẹrẹ ni. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé nǹkan ò yéé wà lẹ́nu rẹ̀, ṣe ló máa ń jẹun sí mi létí. Dọ́kítà Ajẹkan ni èmi àti Rìsì ń pè é. Gbogbo àlàfo tí mo fi sílẹ̀ fún wọn, mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan dí ọ̀kan rí. Àṣé iṣẹ́ kan wà láyé yìí tí èèyàn á ti béèrè ọ̀rọ̀, tí wọ́n á sì dá a lóhùn!

Ọjọ́ tí ìdánwò máa parí ni wàhálà dé. Fáìlì tó gbẹ̀yìn tí wọ́n fún mi, obìnrin kan tó fi ẹsẹ̀ rọ́ ni. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ó ní àtọ̀gbẹ. Mo wo oògùn tó ń lò, kò sí ti àtọ̀gbẹ níbẹ̀. Mo wo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo pe Mister Délé. Ó ní ohun tó bá ti wà lákọsílẹ̀ ni kí n kọ kóòdù rẹ̀. Mo ní ṣé mo lè gbọ́ ohùn dọ́kítà? Ó ní àwọn tó ń ṣe coding kì í gbọ́ ohùn.

Mo mú earphone mi nínú báàgì, mo lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ Rìsì.

Mo ní kó bá mi wá fáìlì náà. Ó ń ṣí i, ó ń bú ẹ̀rọ lọ bó ṣe máa ń ṣe. Mo ti earphone bọ etí. Ta ni mo gbọ́? Dọ́kítà Ajẹkan! Ó ń jẹ ohun tó ń jẹ, ó sì sọ ọ́ kedere pé ìyá obìnrin náà ló ní àtọ̀gbẹ. Ẹ̀rọ ló gbé àìsàn ìyá, tó dì í lé ọmọ lórí.

Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Ohun tí ẹ̀rọ ṣe yìí, kí ló fi yàtọ̀ sí ohun tí èmi ṣe? Èmi, wọ́n gbé mi sórí ògiri, wọ́n sọ mí ní Madam Six. Ẹ̀rọ, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ yá.

Orúkọ editor tó fọwọ́ sí i wà nísàlẹ̀. Èmi ò wò ó. Rìsì wò ó, ó fi ọwọ́ bo ibẹ̀, kò bú ẹ̀rọ mọ́. Mo ti sọ fún yín pé ẹnu Rìsì kì í sinmi.

Ó ní, “Wọ́n ṣáà ní ká má fi àlàfo sílẹ̀ mọ́.”

Mo ní mo mọ̀.

Mo gòkè padà, mo kọ query sí dọ́kítà. Mister Délé ní query máa dá fáìlì dúró, fáìlì tí kò bá sì parí kí a tó ṣíwọ́, òdo ni. Òdo kan yìí ló kù kí n fi kùnà. Ọ̀gá Bádé fúnra rẹ̀ wá dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

“Ìyá Ìfẹ́, ẹ kọ kóòdù yìí ká máa lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ obìnrin náà?”

Mo ní ohun tó kàn mí níbẹ̀ ni pé òun ni wọ́n máa máa wò bí alátọ̀gbẹ títí ayé rẹ̀. Mo ká ọwọ́ mi lé itan. Mo ń rò ó pé tí n bá kùnà, kí ni màá sọ fún àwọn ọmọ? Wọ́n ti ń múra ìrun Magrib ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa nígbà tí ìdáhùn wọlé. Ó ní, ìyá rẹ̀ ni. Ó ní aláìsàn yìí kò ní àtọ̀gbẹ. Ó ní ẹ ṣeun.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkùnrin yẹn máa bá mi sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ ni, kò sọ ọ́ lẹ́nu, síbẹ̀ mo ń gbọ́ bó ṣe ń jẹun.

Mo parí fáìlì náà bí wọ́n ṣe ń tilẹ̀kùn. Mister Délé fún mi ní máàkì tó kàn jẹ́ kí n yege, kò fi nǹkan kan lé e. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù. Mo ní kó fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i.

Mo ti wà nínú coding báyìí. Orúkọ mi ò pupa mọ́, ṣùgbọ́n ti Rìsì ti pupa: ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlàfo sílẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá Bádé nípa òfin rẹ̀ yẹn, ó ní òun ń bọ̀. Earphone mi wà lórí tábìlì mi níbi tí wọ́n ti ní a kì í lo earphone. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá gbé e.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí ẹ bá ń rò ó bóyá kí ẹ pààrọ̀ iṣẹ́, ẹ má kàn wo iye tí wọ́n ń san àti bí tábìlì ṣe tóbi tó. Ẹ béèrè pé tí nǹkan ò bá yé mi níbẹ̀, ṣé wọ́n á dá mi lóhùn, àbí wọ́n á ní kí n méfò?

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti kúrò nídìí iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn láàárín yín, tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Ibi tí ẹ ò bá ti rántí dáadáa, ẹ fi àlàfo sílẹ̀. Á yé mi.